Ẹ má tíì ta ilẹ̀ yẹn, Àlhájà

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ó wá ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé lòun fẹ́ lọ ṣe máàsítà, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun. Ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán ní kí n mú mílíọ̀nù 4 náírà wá, pé òun mọ ẹni tó máa bá a ṣe físà. Mo ní pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan. Àmọ́ ọmọ mi ń lo híjáàbù, wọ́n sì ní Faransé ò fẹ́ ẹ. Ṣé kí n ta ilẹ̀ náà? Ìyá Bàsírà.

ÌDÁHÙN: Àlhájà, ẹ kú làálàá ọmọ. Ẹ má tíì tà á. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn fẹ́ gba mílíọ̀nù 4 lé lórí, Bàsírà lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Campus France ni àjọ tí ìjọba wọn gbé kalẹ̀ fún un, ó sì ní ọ́fíìsì ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní òun mọ èèyàn ní ẹ́ńbásì, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa bá ọjà yín lọ.

Èmi náà ṣe máàsítà ní Marseille. Owó ilé-ìwé kọ́ ló ń dáni lágara níbẹ̀. Ní 2019, wọ́n fi tiwa tá ò wá láti Yúróòpù sí €3,770 lọ́dún. Ó ti ń súnmọ́ €4,000 báyìí. Ọmọ Faransé ò san tó €300, ó dunni, ṣùgbọ́n yunifásítì láṣẹ láti dín in kù fún àwọn kan. Kí Bàsírà bi wọ́n. Kó tó rí físà, ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní €615 lóṣù, ìyẹn €7,380 lọ́dún. Bí ilẹ̀ yín bá máa wúlò, ibí ni.

Ilé gan-an ni wàhálà. Onílé á ní kó mú onídùúró wá, ẹni tó ń gbowó oṣù ní Faransé. Níbo lọmọ Òṣogbo ti fẹ́ rí i? Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Visale, tó ń ṣe onídùúró fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọdún 31. Kó tún tètè kọ̀wé fún yàrá Crous, ti ìjọba, torí ó dínwó. Èmi ò tètè rí tèmi. Ọ̀dọ̀ obìnrin ará Kòmórò kan ni mo kọ́kọ́ dé sí, tó ń fi sàláámù kí èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi láràárọ̀. Mùsùlùmí pọ̀ ní Marseille ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ní ti híjáàbù, òfin 2004 tó kà á léèwọ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gírámà ìjọba ló dè. Kò kan yunifásítì. Òfin 2010 ní tiẹ̀, bíbo ojú níta ló kọ̀. Bàsírà á wọ tiẹ̀ lọ sí kíláàsì. Àmọ́ bó bá gbaṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní kó ṣí i lẹ́nu iṣẹ́. Kó mọ̀ ọ́n láti ìsinsìnyí.

Luminy, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ tó ń wá yẹn, wà létí ìlú, láàárín àpáta àti òkun. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó máa ń jẹ̀ wọ ọgbà; ẹ má bínú, Àlhájà. Kó mú aṣọ òtútù, torí atẹ́gùn mistral gbẹ bí ọyẹ́, ó sì tutù jù ú lọ. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lọ́jà Noailles, ó wọ́n ṣáá ni. Físà rẹ̀ á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wákàtí 964 lọ́dún, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè gbọ́ gbogbo bùkátà.

Kó bẹ̀rẹ̀ èdè Faransé lónìí. Bí kíláàsì bá tilẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni onílé, dókítà àti báńkì ń sọ. Alliance Française wà ní Èkó, Abúlé Faransé sì wà ní Àjárá lọ́nà Àgbádárìgì. Bí ìwé ìgbàwọlé bá wá dé, tí owó ṣì kù, ẹ ta ilẹ̀ nígbà náà, kí owó náà sì wọ àkáǹtì Bàsírà fúnra ẹ̀.