Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni o ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà

Ìwọ tí o kọ̀wé láti Ìkẹjà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní o ń san owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan ní abúlé ìyá rẹ lẹ́bàá Ṣakí, 40,000 náírà lọ́dún, láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ ti ṣe Primary 4 lẹ́ẹ̀mejì, o ní kò mọrírì. O wá ń bi mí bóyá kí o gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ìwé ń wọ̀ lórí.

Láàárín ẹ̀sùn yìí ni o ti ju gbólóhùn kan sílẹ̀: “Ó ń lọ déédéé o, àfi ọjọ́ ọjà.” Lẹ́yìn náà ni o ròyìn bí o ṣe lọ kí wọn lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí o bá òun àti ìyá rẹ̀ lọ́jà, tí o ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ bu ènì fún ọ. Ọmọ tí kò mọrírì nìyẹn.

Kì í ṣe àsìkò ọlidé. O sanwó kí ọmọ lè wà ní kíláàsì, o bá a nídìí igbá lọ́jà, o gbé èlùbọ́ rẹ sínú mọ́tò, o lọ. Kò sì yà ọ́ lẹ́nu!

Ó dáa, jẹ́ kí a ka ọjọ́ ọjà náà. O kọ ọ́ pé ọjà ọrọọrún ni. Ẹ̀yin ará Èkó ti gbàgbé bí a ṣe ń kà á: ọjọ́ ọjà tòní àti ti iwájú la jọ ń kà pọ̀ tó fi di márùn-ún, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń wáyé. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún bọ́ sí, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn rẹ̀ Àbámẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí lọ. Nínú ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún ni wọn yóò ná ọjà yẹn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀ ni yóò sì bọ́ sọ́jọ́ ilé-ìwé. Ọjọ́ 15 nínú 60. Bí táámù mẹ́ta bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ti lọ lọ́dún. Ta ni kò ní tún kíláàsì ṣe?

Èmi náà jẹ ìyà yìí rí. Ọjọ́ ọjà kan ni wọ́n kọ́ kíláàsì wa ní ìṣirò pínpín. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti nu ojú pátákó, ìlà ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ ló kù létí rẹ̀, tíṣà sì ti bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Mo jókòó, mò ń wo ìlà yẹn. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ìṣirò pín.

Owó ilé-ìwé wo gan-an ni ò ń san? Ilé-ìwé ìjọba ni o kọ. Láti oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti sọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lápá ọ̀dọ̀ wa, òfin UBE ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni títí dé JSS 3. Ó ku aṣọ, ìwé, bàtà, owó PTA. N kò ní ìyẹn kéré lápò olóko. Ṣùgbọ́n wọn kọ́ ló ń dá ọmọ yìí dúró. Ẹrù èlùbọ́ ló ń dá a dúró, nítorí orí kan kò lè ru ẹrù méjì.

Má sì lọ bá ìyá rẹ̀ jà. Obìnrin tó gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n, tó ń ta ọjà, tó ní láti padà sílé pẹ̀lú owó ọbẹ̀, kò rí ẹlòmíràn tí yóò ràn án lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí ìjọba Mexico bẹ̀rẹ̀ ètò Progresa fún àwọn mẹ̀kúnnù ìgbèríko lọ́dún 1997, ìyá ni wọ́n ń kó owó lé lọ́wọ́, wọ́n sì ń wo ìwé ìpè: ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì ní ọjọ́ 85 nínú 100. Bí kíláàsì bá ṣe ń ga ni owó ń pọ̀ sí i, nítorí bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni iṣẹ́ tó lè bá òbí ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ òbí: ọjọ́ ọmọ. Ọmọ tìrẹ ń lọ ní ọjọ́ 75 nínú 100.

Padà lọ bá ìyá rẹ̀. Béèrè iye tí aláàárù tàbí ọlọ́kadà ń gbà gbé ẹrù dé ọjà, àti ohun tí ìyá ń pàdánù bí ọmọ kò bá tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni kí owó rẹ lọ, kí o kó o lé ìyá lọ́wọ́ ní táámù-táámù. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, wá tíṣà tí yóò gba ọmọ náà ní lẹ́sìn ìṣirò nírọ̀lẹ́.

Ní ti àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje kò tíì lè ru èlùbọ́ dé ọjà. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń wà ní kíláàsì lójoojúmọ́.

Kí o tó tún kọ̀wé sí mi, lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kí ó ṣí régísítà. Fi ìka tọ orúkọ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ táámù, ka gbogbo ọjọ́ tí kò wá, kí o sì kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.