Ṣé ìjọba Amẹ́ríkà máa ń fúnni lówó láti kọ́ṣẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ wọn kì í kó owó náà lé ẹnì kan lọ́wọ́. HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, ló ń gbé e fún àwọn àjọ tí kì í ṣiṣẹ́ èrè, irú bíi NeighborWorks America àti UnidosUS, kí wọ́n fi ṣètò ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí o ti bèèrè ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí ló yẹ kó ká ẹ lára jù. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò lè gbani nímọ̀ràn lábẹ́ ètò HUD. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni ìbéèrè ìdánwò náà ti ń wá. Ọ̀kan nínú wọn ni bí a ṣe ń ran ẹni tó jẹ báǹkì ní gbèsè lọ́wọ́ kí wọ́n má baà gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí o kà dáadáa. Ẹnikẹ́ni ló lè jókòó ṣe ìdánwò náà o, ṣùgbọ́n bí o bá tiẹ̀ yege, ìwé ẹ̀rí ò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ àfi tí o bá ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tí HUD fọwọ́ sí. Tèmi ni pé kí o kọ́kọ́ wáṣẹ́ síbẹ̀.