Ajá Ń Bá Wa Lọ Pàgọ́ Nínú Igbó: Ìrun Mi Ńkọ́?

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékúmù, Àáfà. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ lọ pàgọ́ sínú igbó kan tó jìnnà. Jímọ̀ la máa lọ, a ó sì padà lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀kan nínú wọn, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, fẹ́ mú ajá rẹ̀ dání. Ajá yìí a máa lá èèyàn lọ́wọ́, inú àgọ́ ló sì máa ń fẹ́ sùn. Ṣé àlùwàlá mi ò ní bàjẹ́? Bó bá ti ẹnu bọ ife mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàláàmù, ọmọ mi. Ajá kì í ba àlùwàlá jẹ́. Bó lá ọ lọ́wọ́, àlùwàlá rẹ wà níbẹ̀. Bóyá ibi tó lá ti di nájísì (ohun ẹ̀gbin tó ń ba ìrun jẹ́) ni àwọn onímímọ̀ ń bára wọn jà sí. Lójú Ìmáàmù Ṣáfíì, ajá látòkèdélẹ̀, nájísì ni. Lójú Ìmáàmù Málíkì, tí èmi ń tẹ̀ lé, ajá mọ́. Lára ẹ̀rí wa ni pé Ọlọ́hun ní ká jẹ ohun tí ajá ọdẹ bá mú fún wa (Súrà Al-Máídà, áyà 4), kò sì ní ká fọ ojú eyín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹnu ajá kì í gbẹ! Síbẹ̀, bó bá lá aṣọ ìrun rẹ, fọ ojú ibẹ̀ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Irun rẹ̀ tó gbẹ, gbọ̀n ọ́n nù.

Ti ife yàtọ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní bí ajá bá ti ẹnu bọ ohun èlò wa, ká fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀. Da omi inú rẹ̀ nù, bu erùpẹ̀ tó mọ́, ta omi sí i títí yóò fi di ẹrẹ̀, fi ra inú ife àti etí rẹ̀ yíká, ṣàn án, kó o wá fomi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà sí i. Ta ló fẹ́ máa ṣe èyí nínú igbó tí omi ò pọ̀? Ẹ fún ajá ní abọ́ tirẹ̀, kó o sì máa dé ife rẹ.

Èyí tí o ò béèrè ló wù mí jù. Bí omi yín bá kù díẹ̀, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ajá náà, ajá ni kẹ́ ẹ fún lómi, kó o ṣe táyámọ́mù (àlùwàlá tí à ń fi erùpẹ̀ ṣe). Ohun táwọn onímímọ̀ fìkìhì (òfin ẹ̀sìn) kọ nìyẹn. Ọkùnrin kan fi bàtà rẹ̀ bu omi kànga fún ajá tó ń jẹ ilẹ̀ tútù nítorí òùngbẹ, Ọlọ́hun sì torí ẹ̀ forí jì í.

Mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ pé hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) wà nínú ìwé hádíìsì tí Ìmáàmù Muslim kó jọ, pé mọ̀láíkà kì í bá àwọn arìnrìn-àjò tí ajá tàbí agogo tí wọ́n ń so mọ́ ẹran lọ́rùn wà láàárín wọn kẹ́gbẹ́. Àwọn kan yọ ajá ọdẹ àti ti ẹran ọ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, mo sì rò pé ajá tó ń ṣọ́ àgọ́ lóru lè wọ ibẹ̀. Ti eré lásán ni mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ajá kì í ṣe tìrẹ. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ so ó mọ́ ẹnu àgọ́. Ẹnu ọ̀nà náà ni ajá àwọn ará inú ihò, àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ tó sá pamọ́ síbẹ̀, na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí, nínú Súrà Al-Káfì.

Ẹ kírun Jímọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí ibẹ̀ bá tó nǹkan bíi kìlómítà 80, ràká méjì-méjì ni Àìlá, Alaásárì àti Ìṣáì. Gbé àpò rẹ síwájú nígbà tó o bá ń kírun, kí ajá má máa gba iwájú rẹ kọjá.

Kó o sì máa pèrun, ìwọ nìkan náà. Abu Sa'id al-Khudri, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà (ọmọlẹ́yìn) Ànábì, sọ fún ẹnì kan tó fẹ́ràn aginjù pé kó gbé ohùn sókè bó bá ń pè é níbẹ̀, torí kò sí àlùjọ̀nnú tàbí èèyàn tó gbọ́ ọ tí kò ní jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ Àjíǹde. Bí ajá ọ̀rẹ́ rẹ bá ń gbó lé e, máa pè é lọ.