Èsì: "laryngitis" tó wà nínú káàdì màmá yín

Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi mí ní ìtumọ̀ "laryngitis" tí dókítà Kábà kọ sínú káàdì ilé ìwòsàn màmá: gògóńgò màmá ló wú. Ẹ fọwọ́ kan iwájú ọrùn yín, kí ẹ ní "mmm": ibi tó ń gbọ̀n yẹn ni gògóńgò (larynx). Tán-án-ná méjì wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn láti ẹ̀dọ̀fóóró ló ń mì wọ́n tí ohùn fi ń jáde. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń fa wíwú yìí, kápúsù apakòkòrò (antibiotic) tí ẹ fẹ́ rà kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Kí màmá sinmi ọ̀rọ̀, kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n sì yàgò fún èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà ń ni tán-án-ná lára o! Bí ohùn bá ṣì há lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ẹ wá dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí èémí bá ń le, ẹ má dúró rárá.