Ta ni ògbufọ̀ ilé yín?

Ìyá Ìbejì láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, ló kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ Kétu ni, inú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí. Ègùn ni ọkọ rẹ̀, ó sì ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí ọkọ náà ti ń lọ sí ìjọ kan tí wọ́n ti ń kọ́ wọn pé ẹni tí kò bá fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀ kò tíì gba Ẹ̀mí Mímọ́. Láti ìgbà náà ni àdúrà alẹ́ ti di ìjà nílé wọn. Ọkọ á fọ èdè, ìyàwó á ṣí Kọ́ríńtì Kìíní orí 14, á ní bí kò bá sí ògbufọ̀, kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Màmá, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ṣé èdè ti dákẹ́ láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì ni, àbí gbogbo onígbàgbọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́?"

Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà rẹ, Ìyá Ìbejì. Ní ojú ewé kẹta, níbi tí o ti ń ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń pẹ́ kí ẹ tó sùn, o kọ ọ́ báyìí: "Ìyá mi tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa láti Kétu nítorí ojú tó ń dùn wọ́n kì í bá wa jókòó mọ́, nítorí Faransé la fi ń gbàdúrà, oorun sì tètè máa ń kùn wọ́n." Lẹ́yìn ìyẹn, o padà sórí Pọ́ọ̀lù.

Èmi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Oorun wo? Aago mẹ́jọ lo ní ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ìwọ kan náà lo kọ ọ́ lójú ewé kìíní pé àwọn ìbejì kì í jẹ́ kí ìyá àgbà sinmi, pé aago mẹ́wàá máa ń lù bá àlọ́ lẹ́nu wọn. Oorun kì í kùn wọ́n nídìí àlọ́. Ìdí àdúrà yín nìkan ló ti ń kùn wọ́n.

Mo mọ oorun yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá bàbá mi wá láti Sábẹ̀ẹ́ wá bá wa gbé ní Àjàṣẹ́. Èdè Ègùn ni wọ́n fi ń wàásù níjọ tí à ń lọ, ìyá àgbà kò sì gbọ́ ju kíkí lọ nínú rẹ̀. Bàbá mi fi mí jókòó tì wọ́n, ó ní, "Ohun tí oníwàásù bá sọ, sọ ọ́ fún ìyá mi." Mo á máa sọ ọ́ sí wọn létí, wọ́n á di ọrùn ọwọ́ mi mú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ̀ wọ́n lọ́kàn, wọ́n á fún ọrùn ọwọ́ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo fẹ́ jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ mi, mo sì yọ́ lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn ni mo wà tí mo fi rí wọn. Ẹnu obìnrin tó wà lápá ọ̀tún wọn ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá rí i pé ẹnu náà ṣí, àwọn náà á ṣe "Àmín", ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ á ti ṣe tiwọn tán. Àmín tiwọn nìkan á wá dá dún láàárín ìjọ. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di Ìsinmi kejì, ìyá àgbà ní orí ń fọ́ àwọn, àwọn ò lè lọ.

Pọ́ọ̀lù mọ Àmín yẹn. Inú orí kan náà tí o fi ń na ọkọ rẹ lẹ́gba ló wà, ní ẹsẹ 16: báwo ni ẹni tí kò mọ ohun tí ò ń wí yóò ṣe ṣe Àmín sí ìdúpẹ́ rẹ? O fo ẹsẹ yẹn, o lọ bá ẹsẹ 28, nítorí ẹsẹ 28 ni yóò jẹ́ kí o borí.

Létí ìyá rẹ, ọ̀kan náà ni èdè tí ọkọ rẹ ń fọ̀ àti Faransé tí ìwọ ń sọ. Méjèèjì ń gba orí wọn kọjá. Ti ọkọ rẹ tiẹ̀ sàn, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn tó lè túmọ̀ rẹ̀. Tìrẹ ńkọ́? Ìwọ nìkan ni àgbàlagbà tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé délẹ̀ níbẹ̀. Alaalẹ́ lò ń béèrè ògbufọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ, ògbufọ̀ sì jókòó sórí àga rẹ, ó gbé Bíbélì lẹ́sẹ̀, kò ya ẹnu sọ gbólóhùn kan fún ìyá tó bí i. Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ó ṣì ń bí mi.

Má sì sọ fún mi pé nǹkan ìnira ni. Àjàṣẹ́ kì í ṣe ìlú tí ògbufọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìlú yìí kan náà ni Samuel Bilewu Oschoffa, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tìrẹ, ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947, wọ́n sì ń kọ orin wọn ní Ègùn, wọ́n ń kọ ọ́ ní Yorùbá. Àwọn oníṣòwò ọjà Wàǹdó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún oníbàárà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí owó tòmátì.

Màá dáhùn ìbéèrè rẹ, kí o má baà ní mo sá fún un. N ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọkọ rẹ, ní 1901 ni Charles Parham àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Topeka, ní Amẹ́ríkà, dì í mú pé èdè ni àmì ìrìbọmi Ẹ̀mí. Ní 1906, William Seymour ń wàásù rẹ̀ ní òpópónà Azusa ní Los Angeles, ibẹ̀ ló sì ti tàn káyé. Ìjọ Assemblies of God kọ ọ́ sínú ìwé ìgbàgbọ́ wọn ní 1916. Ṣùgbọ́n ní orí 12 ẹsẹ 30, Pọ́ọ̀lù béèrè bóyá gbogbo èèyàn ló ń fi èdè sọ̀rọ̀, bó sì ṣe béèrè rẹ̀, "rárá" ló ń retí. Àwọn Àgùdà tó wà nínú ìsọjí Ẹ̀mí láti 1967 ń fọ èdè, wọn ò sì sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ọkọ rẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹnikẹ́ni ní aláìní-Ẹ̀mí.

Ìwọ náà ò jàre. Ẹsẹ 39 ní kí ẹ má ṣe dá ẹni tó ń fọ èdè lẹ́kun. "Èdè yóò dákẹ́" tí o rí ní orí 13, ìgbà tí ohun pípé bá dé ni. Àwọn kan ní ìgbà tí a kọ Bíbélì tán ni, àwọn mìíràn ní ọjọ́ tí a óò rí Olúwa lójúkojú ni. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ti ìkejì. O sì ní Mẹ́tọ́díìsì tọkàntọkàn ni ọ́. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, wí nípa ìdí tí àwọn ẹ̀bùn yẹn fi wọ́n nínú ìjọ? Kò ní a ò nílò wọn mọ́. Ó ní ìfẹ́ àwọn onígbàgbọ́ ló di tútù. Tún ìyẹn kà, kí o sì wo ìlẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ.

Ẹnì kan wà tí ọkọ rẹ lè fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Alfred Garr, oníwàásù ará Amẹ́ríkà, gba èdè ní Azusa, ó gbà pé Bengali ni Ẹ̀mí fi sí òun lẹ́nu, ó sì kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Íńdíà láti lọ fi wàásù. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin náà kò fi èdè rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣì ń fi í gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Hong Kong ní 1907, ẹnu Mok Lai Chi, ọmọ ilẹ̀ náà, ni ìwàásù rẹ̀ gbà dé etí àwọn èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì: ohun tó ya èrò lẹ́nu ni pé olúkúlùkù ń gbọ́ ọ ní èdè tí a bí i sí. Kò sẹ́ni tó ní kí ará Pátíà àti ará Médíà kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè Gálílì. Èdè Kétu ni wọ́n bí ìyá rẹ sí. Wọ́n wọkọ̀, wọ́n gba Pọ́bẹ̀, wọ́n gba Sákétẹ́, wọ́n wá sílé ọmọ wọn, wọ́n sì di àlejò nídìí àdúrà.

Lálẹ́ òní, má ṣí Kọ́ríńtì. Lọ sí yàrá wọn, kúnlẹ̀, ní "Ẹ má bínú, Màámi." Fà wọ́n lọ́wọ́ jáde, nítorí ojú wọn. Jókòó tì wọ́n débi tí ẹnu rẹ á fi dé etí wọn. Bí ọkọ rẹ bá ní kí Olúwa ṣọ́ ilé, sọ ọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Kétu. Bó bá bọ́ sínú èdè tí ẹnì kankan ò gbọ́, sọ fún wọn pé, "Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀, Màámi, èmi náà ò gbọ́ ọ." Wọ́n á dúró dè é. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì dákẹ́, kí ìyá gbàdúrà tiwọn, kí o sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún ọkọ rẹ, má fo ọ̀kankan.

Kí o sì bi wọ́n bí ojú náà ti ń ṣe wọ́n. Mo wá gbogbo ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n ò rí ibi tí o ti sọ pé ẹnì kan nínú yín gbàdúrà fún un.