Bí ẹ ṣe máa gba CTC ìdájọ́ àtijọ́ ní kóòtù Àbújá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bàbá yín jàre ẹjọ́ ilẹ̀ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga FCT (agbègbè olú-ìlú, Àbújá) kí wọ́n tó ṣaláìsí, ìwé ìdájọ́ ti sọnù, AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Àbújá, sì ń béèrè CTC, ìyẹn ẹ̀dà tí kóòtù jẹ́rìí sí pé òótọ́ ni, lọ́wọ́ yín. Ẹ má tíì kọ lẹ́tà kankan. Nọ́ńbà ẹjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ tú ẹrù bàbá. Ìwé ìpẹ̀jọ́, ìwé tí wọ́n fi kéde ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ìwé tí lọ́yà kọ, nọ́ńbà náà máa ń wà lókè wọn. Ti Ilé Ẹjọ́ Gíga FCT máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FCT/HC/CV, ọdún á sì wà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ FHC/ABJ lẹ rí, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nìyẹn, kóòtù mìíràn pátápátá. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ lọ bá lọ́yà tó gba ẹjọ́ náà rò. Láìsí nọ́ńbà, ẹni tó wà nídìí fáìlì á wulẹ̀ ní kí ẹ padà wá lọ́la ni, ọ̀la náà kì í sì í tán.

Orúkọ adájọ́ ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe Maitama nìkan ni kóòtù yìí wà. Ó wà ní Kubwa, Gwagwalada àti ibòmíràn. Bí adájọ́ bá ti fẹ̀yìn tì, tàbí tí wọ́n ti gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kó fáìlì náà lọ síbi tí wọ́n ń kó ti àtijọ́ sí. Ẹ béèrè ibẹ̀ ní tààrà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á kọ “ìwé ẹjọ́” sínú lẹ́tà, wọn ò ní sọ èwo. Ìdájọ́ ni gbogbo àlàyé adájọ́, ó lè tó ọgbọ̀n ojú ìwé. Ìwé àṣẹ ni ojú ìwé kan tàbí méjì tó sọ ohun tí kóòtù pa láṣẹ nìkan. Àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́; ọwọ́ ni adájọ́ sábà máa ń fi kọ ọ́, wọ́n á ní láti tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló ń pẹ́ jù. Ẹ bi AGIS èwo ni wọ́n fẹ́. Bó bá jẹ́ ìdájọ́ àti àṣẹ, ẹ má wulẹ̀ fẹnu kan àkọsílẹ̀.

Kí lẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ olórí akọ̀wé kóòtù, pẹ̀lú orúkọ olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́, nọ́ńbà, adájọ́, ọjọ́ ìdájọ́ àti iye ẹ̀dà. Ẹ̀dà mẹ́ta dáa, torí ọ́fíìsì lè gba ọ̀kan mú. Ẹ so ìwé ikú bàbá mọ́ ọn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kejì lẹ́tà náà fún yín, láti fi hàn pé wọ́n ti gbà á.

Wọ́n á ka ojú ìwé, wọ́n á sì sọ iye tí ẹ máa san. Owó tí kò ní rìsíìtì, ẹ má san án, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ “ràn yín lọ́wọ́” lẹ́nu dídùn tó. Abala 104 Òfin Ẹ̀rí 2011 ní kí wọ́n san owó tí òfin là sílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ náà kò fi ọ̀rọ̀ owó yìí ṣeré nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Tabik àti báńkì GTB ní 2011.

Kí ẹ tó kúrò lórí káńtà, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀. Ṣé ojú ìwé pé? Ṣé ó hàn kà? Nísàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó jẹ́rìí pé ẹ̀dà òótọ́ ni, ọjọ́, ìbuwọ́lù, orúkọ òṣìṣẹ́ náà àti ipò rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ nìkan kò tó; ìwé tí kò ní orúkọ àti ipò, lọ́yà ọ̀tá á yọ ọ́ dànù.

Ọjọ́ 7 tí abala 294 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ní kí kóòtù fi fún àwọn tó wà nínú ẹjọ́ ní ẹ̀dà, ìdájọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ló wà fún. Ti fáìlì àtijọ́, ẹ máa fi ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ yẹn béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan náà.