Mo ka ohun tó wà nínú fóònù àbúrò mi: ṣé kí n sọ ọ́ fún ẹbí?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aláékúmù, Ààfáà. Bódìjà níhìn-ín ni mò ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní Dùgbẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún 34, kò sì tíì fẹ́yàwó. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ya fọ́tò òde àríyá. Ìwà wọn ò jọra rárá. Àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ọ̀rẹ́ yìí kì í dákẹ́, kò sì mọ iye tó wọlé yàtọ̀ sí iye tó jáde. Àbúrò mi ló máa ń bá a to rìsíìtì rẹ̀ sínú agolo mílíìkì tí oṣù bá parí. Lọ́jọ́ kan tó wọlé lọ wẹ̀, mo ṣí fóònù rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé o ti jẹun? Tí o bá délé, pè mí, mi ò ní lè sùn tí mi ò bá gbọ́ ohùn rẹ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ." Irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìyá wa ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti ń fura, ó ní kí á tètè so yìgì àbúrò mi àti ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan, pé gbogbo rẹ̀ á lọ. Ṣé kí n sọ fún ẹbí àti ìmáàmù? Ṣé yìgì yẹn tọ́? Ṣé ìrun tó ń kí ṣì jẹ́ ìrun?

ÌDÁHÙN: Wa aláékúmù sàláámù, ọmọ ìyá mi.

Ohun tí ẹ ti mọ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin kò tọ́ nínú ẹ̀sìn wa. Ìtàn ìjọ Ànábì Lúùtù wà nínú Súrà Al-A'rāf, àwọn mẹ́sáàbù (ilé ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fohùn ṣọ̀kan lé e. Mi ò ní bò ó mọ́ yín lójú. Àmọ́ ohun tí ẹ bi mí ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ ṣe, òun náà sì ni Ọlọ́hun máa bi yín.

Ta ló ní kí ẹ ṣí fóònù rẹ̀? Súrà Al-Hujurāt, ààyá 12, ní kí á má ṣe tọpinpin ara wa, kí á má sì sọ̀rọ̀ ara wa lẹ́yìn. Kí lẹ tiẹ̀ rí kà? Oúnjẹ, ìpè, àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹ ò rí ìbálòpọ̀ kankan. Ààyá 4 nínú Súrà An-Nūr ní ẹni tó bá fẹ̀sùn sìná kan obìnrin ọmọlúàbí, tí kò mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, 80 pàṣán ni tirẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Nínú Risālah, ìwé òfin mẹ́sáàbù Máálíkì tí à ń kà nílé kéú wa, ẹni tó bá pe ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oníṣẹ́ ìjọ Lúùtù, ṣẹ̀ríà wà lórí òun náà. Ẹ rí i bí ẹnu yín ṣe wúwo tó.

Ní ti ẹbí àti ìmáàmù, rárá. Láyé Ànábì, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hazzāl ti Mā'iz, tó ṣe sìná, pé kó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún Hazzāl pé ì bá sàn fún un ká ní ó fi aṣọ rẹ̀ bò ó. Ẹ tún wo ìlú tí à ń gbé. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tó bá bá ara wọn ṣègbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n á tún lù ú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu yín débẹ̀, ẹ ti bá wọn pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ yìgì yìí ló dùn mí jù. Yìgì kì í ṣe àgbo tí wọ́n ń rọ fún aláìsàn mu. Ọmọ aládùúgbò yín, ọmọ ẹnìkan ni. Tí bàbá rẹ̀ bá wá béèrè ìwà àbúrò yín lọ́wọ́ yín, kí lẹ máa sọ? Ẹ parọ́? Ànábì ní ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Ọmọbìnrin yẹn máa sùn ti ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, á máa rò pé òun lòun ò dáa tó, á máa gbààwẹ̀, á máa ṣe àdúà, kò sì ní mọ ohun tí gbogbo yín mọ̀. Àwọn onímọ̀ Máálíkì ní yìgì máa ń di háráámù fún ẹni tí kò bẹ̀rù pé òun lè ṣubú sínú sìná, tó sì máa fi ṣe ìpalára fún obìnrin. Bí àbúrò yín bá fẹ́ ìyàwó lọ́jọ́ kan, ẹnu tirẹ̀ ni kí a ti gbọ́, kí ó sì sọ òótọ́ fún obìnrin náà.

Ìrun rẹ̀, ìrun ni. Ó ṣàlùwàlá, ó kọjú sí kíbúlà, àsìkò wọlé. Gbígbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun, bíi tèmi àti tiyín. Ohun tó ń gba ọkàn kọjá, tí èèyàn ò fi ṣiṣẹ́, tí kò sì sọ ọ́ jáde, Ọlọ́hun ti mójú kúrò níbẹ̀ fún ìjọ yìí. Bukhārī àti Muslim gba hàdíìsì náà wá. Tó bá wá sí àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sún fún un nínú sààfù.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ pé ẹ ṣí fóònù rẹ̀. Ẹ máa bá a jẹun bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ má bú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi àìlówólọ́wọ́ rẹ̀ gún un lára. Ẹ ka ààyá 53 nínú Súrà Az-Zumar, tó ní kí á má sọ̀rètí nù nínú àánú Ọlọ́hun, fún ara yín kí ẹ tó kà á fún un. Ní ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ẹ sọ fún un pé àbúrò yín ò tíì ní òun ń wá ìyàwó. Bí kò bá gbà, ẹ ní kó wá rí mi.